Bí Mo Ṣe Fi Ọṣẹ Gàárì Fọ Báàgì Aláwọ Tí Bàbá Mi Fi Sílẹ̀

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni mo san fún alágbàfọ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀ níbí kí ó lè bá mi ba báàgì Bàbá mi jẹ́. Mo fi ìyẹn ṣáájú nítorí pé inú ṣì ń bí mi, àti nítorí pé inú ìbínú yẹn gan-an ni mo ti kọ́ gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọṣẹ gàárì. Kánò ni Bàbá mi ti ra báàgì náà ní 1978, nígbà tí Bàbá ṣì ń bá ìjọba yẹ kòkó wò. Awọ ewúrẹ́ pupa ni, ọwọ́ ni wọ́n fi rán an, ó sì ní ìdè idẹ méjì níwájú. Nínú oṣù Keje, nígbà tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́ tí aṣọ kì í gbẹ lórí okùn, ni mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí mo bá a pé báàgì náà ti bu, tí ó funfun káàkiri bí ẹni pé ẹnì kan ku ìyẹ̀fun lé e lórí.

Alágbàfọ̀ náà kì bọ̀ ọ́ sínú bàsíà omi gbígbóná, ó fi ọṣẹ lúbúlúbú fọ̀ ọ́, ó sì sá a sí oòrùn. Nígbà tí mo lọ gbà á, ó ti gan paali, awọ ibi tí a fi ń gbé e sì ti sán wẹ́wẹ́. Mo ní kí ló dé. Ó dá mi lóhùn pé, “Mọ́mì, ṣebí ó ti mọ́?” Òótọ́ ni, ó mọ́.

Àlàájì kan tí ó ń rán bàtà ní Sábó ni mo gbé e lọ bá. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó kàn ń fi àtàǹpàkò tẹ awọ náà kiri ni. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, “Ìyá, ta ló fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ èyí?” Ó ṣàlàyé pé èso igi bàgàrúwà ni àwọn ará òkè ọ̀hún fi ń ṣe irú awọ bẹ́ẹ̀, àti pé nígbà tí wọ́n bá ṣe é tán ni wọ́n máa ń fi epo ra á kí ó lè rọ̀. Epo yẹn ni ọṣẹ lúbúlúbú fà jáde. Irú awọ pupa yìí kan náà ni àwọn oníṣòwò ń fi ràkúnmí gbé la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láyé àtijọ́, tí àwọn òyìnbó ń rà á ní Mòrókò tí wọ́n sì rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ Kánò àti Sókótó ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Àlàájì ní kí n lọ wá ọṣẹ gàárì.

Ọṣẹ gàárì ni wọ́n ṣe fún gàárì àti ìjánu ẹṣin, níbi tí òógùn àti eruku máa ń dì sí. Ọṣẹ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń po ìda oyin, gílísírìn àti ọ̀rá mọ́ ọn, irú bí ọ̀rá ara irun àgùntàn tàbí òróró tí wọ́n ń fà láti inú egungun ẹsẹ̀ màlúù, kí ó má baà jẹ́ pé bí ó ti ń yọ ìdọ̀tí ni yóò máa gbẹ awọ náà lọ. Síbẹ̀, pH rẹ̀, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó (bí ó bá ṣe kéré tó ni ó ṣe kan tó), sábà máa ń tó 9 tàbí 10, nígbà tí ti awọ kì í ju nǹkan bí 4 sí 5 lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ lára awọ kí ó gbẹ síbẹ̀. Èyí tí ó ní àwọ̀ ìyeyè lè kó díẹ̀ lára àwọ̀ rẹ̀ bá awọ tí ó mọ́lẹ̀, funfun ni kí ẹ rà fún irú ìyẹn. Tèmi pupa, nítorí náà n kò da ara mi láàmú. Awọ múlọ́múlọ́ tí ó dà bí àrán, tí àwọn oníbàtà ń pè ní sùẹ́dì, kò gbọdọ̀ fojú kan ọṣẹ yìí rárá.

Rírà á ni mo kọ́kọ́ jìyà lé lórí. Obìnrin kan ní Lágéré bi mí bóyá mo ń sin ẹṣin. Ẹlòmíràn mú agolo kan jáde ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà, wọ́n kọ orúkọ ọṣẹ gàárì gàdàgbà sí i lára, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí i délé, òórùn kẹrosíìnì ló ń tú jáde, n kò sì rí ìfóòfó kankan nígbà tí mo bu omi sí i. Pólíìṣì tí kò ní àwọ̀ ni. Mo wá fi ìbínú ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí ó ń ta ohun èlò awọ ní Èkó, ó sì fi agolo ọṣẹ gàárì tí ilé iṣẹ́ Fiebing's ń ṣe ránṣẹ́ sí mi ní gáréèjì, èyí tí ó wọn gíráàmù 340. Ilé iṣẹ́ náà ti wà ní Milwaukee ní Amẹ́ríkà láti 1895. Ẹgbẹ̀rún méjìlá àti ààbọ̀ ni ọṣẹ, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ààbọ̀ ni owó ọkọ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ mọ́ ti alágbàfọ̀ àti ti agolo ayédèrú: ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náírà ti wọlẹ̀, n kò sì tíì fọ nǹkan kan.

Ohun tí mo ṣe kí n tó bẹ̀rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀. Mo gbọn inú báàgì náà, mo fi aṣọ gbígbẹ nu gbogbo ibi tí ó ti bu tẹ́lẹ̀ ní ìta gbangba, mo sì dán ọṣẹ náà wò lábẹ́ ìdérí níbi tí ojú kì í tó. Gbogbo yín lẹ mọ ìyẹn.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ọṣẹ yóò kọ̀ láti hó. Mo fi fóòmù tí mo ti fún omi inú rẹ̀ dànù ra ojú ọṣẹ náà, mo ra á, mo tún ra á, ohun tí mo rí kò ju nǹkan yíyọ̀ kan lọ, tí ó dì mọ́ fóòmù bí wàrà tí ó ti bàjẹ́. Kíá ni mo pe olùtajà náà ní Èkó. Mo sọ fún un pé ọ̀nà kan náà ni mo fi mọ ayédèrú àkọ́kọ́, pé kì í hó, kò sì gbọdọ̀ rò pé ará ìgbèríko ni òun ń bá ta ọjà. Kò bínú. Ó fi fídíò ránṣẹ́, níbi tí ó ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì ra ọṣẹ láti inú irú agolo kan náà, tí ìfóòfó sì ń kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mẹrin pẹ̀lú ìfura.

Mo wá rò pé ọṣẹ tí mo ń bù ni kò tó. Mo bù ú lọ́pọ̀lọpọ̀, mo fi ra báàgì náà, mo nù ún, mo kó ìwé ìròyìn sínú rẹ̀ kí ó má baà wọ́, mo sì gbé e sí ibòji. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ara rẹ̀ ti funfun bí ilé tí wọ́n fi ẹfun kùn. Mo tún un fọ̀. Ó tún funfun. Ìgbà kẹta, ó funfun jù ti ìṣáájú lọ, ó sì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ kan náà, tí mo sì ń bá alágbàfọ̀ tí kò sí níbẹ̀ jà.

Mo kọ́kọ́ fura pé ó tún ti ń bu ni. Ṣùgbọ́n awọ tí ó bá bu máa ń rùn, ó sì máa ń ní àmì níbìkan kí ó má ní níbòmíràn. Èyí tẹ́ pẹrẹsẹ. Lẹ́yìn náà mo rò pé ìda inú ọṣẹ ló ń yọ síta. Mo yá ẹ̀rọ tí ọmọbìnrin mi fi ń gbẹ irun, mo fẹ́ atẹ́gùn lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí igun kan láti òkèèrè, nítorí pé bí ó bá jẹ́ ìda ni, yóò yọ́. Kò yọ́. Inú mi dùn díẹ̀ pé mo gbọ́n tó láti ronú kan ìyẹn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kò mú funfun kúrò.

Màmá mi ló tú u. Wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń pọn omi láti ẹnu ẹ̀rọ, wọ́n wá ní, “Àjọkẹ́, ṣé omi yìí náà lo fi ń fọ̀ ọ́? Omi tí ó ń jẹ ọṣẹ báyìí?” Mo dúró pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́. Omi bóòhóòlù ilé wa ni, láti ọdún tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ ni inú kẹ́tùlù wa ti ń so ẹfun funfun tí a máa ń fi ọ̀bẹ ha, tí ọṣẹ ìwẹ̀ sì ń tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Kálísíọ́mù àti màgnẹ́síọ́mù ló wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń so mọ́ ọṣẹ, wọ́n á sì di nǹkan funfun tí kì í yọ́ nínú omi. Ọṣẹ lúbúlúbú kì í bìkítà fún un tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí a kò fi mọ̀ nípa rẹ̀ nínú aṣọ fífọ̀. Bí mo ṣe ń bu ọṣẹ kún un, ẹfun ni mo ń bù kún un.

Mo gé ọṣẹ náà bíńtín-bíńtín sínú ìgò méjì, mo bu omi bóòhóòlù sí ọ̀kan, mo bu píọ́ wọ́tà sí ìkejì, mo sì mì wọ́n. Ti àkọ́kọ́ dà bí omi ògì. Ti ìkejì hó díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí mo rí nínú fídíò. Omi òjò ló kù, bẹ́ẹ̀ a ti wọ oṣù Kẹjọ, òjò tí ó ba báàgì mi jẹ́ nínú oṣù Keje sì ti lọ sinmi. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni mo fi ń wo ojú ọ̀run bí àgbẹ̀. Ní òru ọjọ́ keje ni ó rọ̀. Mo jẹ́ kí ó fọ òrùlé dáadáa kí n tó gbé bàsíà síbẹ̀.

Mo kọ́kọ́ da ṣíbí kékeré fínígà kan sínú ife omi òjò, mo fi aṣọ bọ̀ ọ́, mo fún un gbẹ, mo sì fi nu funfun náà kúrò, lẹ́yìn tí mo ti dán an wò lábẹ́ ìdérí. Lẹ́yìn náà mo fi omi òjò tí kò ní nǹkan kan nínú nù ún. Nígbà tí fóòmù kan ọṣẹ ní ọ̀tẹ̀ yìí, díẹ̀ ló kù kí n pariwo: ìfóòfó náà nípọn bí ọṣẹ ìfárùngbọ̀n, ó sì pọ̀ ju ohun tí mo nílò lọ. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí ó ti rọ̀ tẹ̀lé ojú rírán, ibi tí eruku oko kòkó ti wà láti ìgbà tí Bàbá mi wà láyé, ìfóòfó tí ó wọlé ní funfun sì jáde ní àwọ̀ tíì. Apá kékeré ni mo ń ṣe lẹ́ẹ̀kan. Mo ń nu ìfóòfó kúrò kí ó tó gbẹ, mo sì ń ṣan aṣọ náà nínú omi òjò mìíràn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, pupa ni mo bá. Mo pe olùtajà Èkó, mo bẹ̀ ẹ́. Alágbàfọ̀ ní tirẹ̀ kò tíì bẹ̀ mí.

Awọ náà ṣì le díẹ̀, nítorí pé ọṣẹ gàárì kò lè dá gbogbo epo tí a ti fọ̀ dànù padà. Èmi, nínú ìgbéraga mi, fi òrí ra ibi tí a fi ń gbé e, dípò kí n lọ ra òróró awọ lọ́wọ́ Àlàájì, ibẹ̀ sì ti dúdú ju ara yòókù lọ títí di òní. Fún ara báàgì, mo lọ ra òróró náà lọ́wọ́ Àlàájì, ẹ̀kán mélòó kan lórí aṣọ sì tó. Bí mo bá tún un ṣe, ìgò omi ni n óò kọ́kọ́ mì kí n tó bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, n kò sì ní fọ̀ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Aṣọ gbígbẹ tó fún ọjọ́ yòókù.

Mo ti ra dúrọ́ọ̀mù kan sí abẹ́ òrùlé báyìí, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ “BÁÀGÌ NÌKAN” sí i lára. Àná ni mo bá Màmá mi níbẹ̀, wọ́n ń fi omi inú rẹ̀ fọ ìlẹ̀kẹ̀ wọn.