Bí mo ṣe yanjú ọ̀rọ̀ ìlà àfọwọ́yà lórí Excalidraw

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣiṣẹ́ sólà n'Ìbàdàn ló ní kí n bá àwọn ya bí wáyà ṣe máa rìn nílé kọ́sítọ́mà wọn kan, láti pánẹ́ẹ̀lì orí òrùlé wá sí kọ̀ntírólà tó ń darí bí iná ṣe ń wọ bátìrì, ó di bátìrì, ó di ìnfátà. Excalidraw, ìyẹn irinṣẹ́ ìyàwòrán orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mo fi yà á, ọ̀fẹ́ ni, inú bíráúsà ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sì béèrè àkáǹtì lọ́wọ́ ẹni. Àwọn àpótí àtàwọn ọfà yẹn ò gbà mí lásìkò rárá, ohun tí ẹ̀gbọ́n wá ní kí n fọwọ́ kọ sí i lára ló gba àsìkò: "Àbúrò, fi pupa yí bírékà àárín pánẹ́ẹ̀lì àti kọ̀ntírólà yẹn ká, káwọn ọmọ iṣẹ́ mi lè mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ pa kí wọ́n tó fọwọ́ kan wáyà kankan." Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nìyẹn o, torí tí oòrùn bá ti ń ràn báyìí, iná wà nínú wáyà pánẹ́ẹ̀lì, ẹ pa ìnfátà, ẹ ò pa á.

Mo tẹ P lórí kíbọ́ọ̀dù kí bíró ẹ̀ lè jáde, mo fi péńnì tí wọ́n fi ń kọ̀wé sójú láptọ́ọ̀pù yí bírékà ká, àfi bí mo ṣe gbọ́wọ́ báyìí tí gbogbo inú róbótó náà kún fún yẹ́lò, bírékà wọ abẹ́ ẹ̀ lọ, kò hàn mọ́. Mo tẹ Ctrl+Z, mo tún un yà, nǹkan kan náà ni. Ìgbà tí mo wá kílíìkì ìlà yẹn fúnra ẹ̀, tí mo wo sẹ́tìn tó jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, ni mo rí i pé yẹ́lò tí mo fi kun àpótí bátìrì ló ṣì wà ní background, ìyẹn àwọ̀ inú. Lójú kọ̀ǹpútà, ìlà tá a fọwọ́ fà kì í ṣe yíǹkì, nǹkan odindi ni bí àpótí àti ọfà, ó ní àwọ̀ etí, ó ní àwọ̀ inú, tí ìparí ẹ̀ bá sì ti pàdé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, á di ohun tó ní inú tí wọ́n lè kùn. Mo sọ background di transparent, ìyẹn aláìláwọ̀, bírékà jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yàn án kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà.

Nítorí pé nǹkan odindi ni náà, tẹ́ ẹ bá fi ìrésà kan apá kan ìlà, gbogbo ìlà ló máa lọ. Nígbà tí mo fẹ́ kọ "PA IBÍ", lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni mo ń gbé péńnì, kó lè jẹ́ pé èyí tí ò dáa nìkan ni màá pa rẹ́. Tẹ́ ẹ bá sì gbé àpótí kúrò, róbótó yín ò ní tẹ̀ lé e, àfi tẹ́ ẹ bá mú àwọn méjèèjì pọ̀ kẹ́ ẹ tẹ Ctrl+G.

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn náà fẹ́ fi ìka yà nǹkan sí i, wọ́n fà á títí, ojú ìwé nìkan ló ń sún. Péńnì tí mo ti lò ló fà á, tí péńnì bá ti kan ojú ẹ̀, á bọ́ sí pen mode, ìyẹn péńnì nìkan ló máa lè yà nǹkan, kí àtẹ́lẹwọ́ wa má baà máa ya ìlàkílàá, àmì ẹ̀ wà lókè níbi àwọn irinṣẹ́, mo pa á, ìka bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹni tó ń lo máòsì, ẹ má da ara yín láàmú tí ìlà bá ń fẹ̀ tó tún ń tín-ín-rín. Bíráúsà máa ń gba bí péńnì ṣe tẹ̀ tó láti 0 dé 1, ṣùgbọ́n máòsì ò mọ̀ ọ́n, 0.5 lásán ló máa ń fi ránṣẹ́, ni Excalidraw bá ń fi ìyára ọwọ́ díwọ̀n ẹ̀: ẹ yára, á tín-ín-rín, ẹ rọra, á nípọn.

Mo gbé e jáde bíi PNG, ìyẹn fáìlì àwòrán, mo yan 3x kó lè tóbi ní ìlọ́po mẹ́ta, mo tan background ojú ìwé kí ìlà dúdú má baà sọnù lórí fóònù tójú ẹ̀ dúdú, mo sì yan embed scene, tó ń fi gbogbo ohun tí mo yà pa mọ́ sínú fáìlì náà, kí n ṣì lè padà tún un ṣe. Dókúmẹ́ǹtì ni mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n lórí WhatsApp, torí tó bá lọ bíi fọ́tò, WhatsApp á fún àwòrán náà pọ̀ kó lè kéré, ohun tí mo fọwọ́ kọ wínníwínní ò sì ní hàn dáadáa.