Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí ìwé àfetígbọ́ ọ̀fẹ́

Ohùn ló kọ́kọ́ ń lé èèyàn sá nídìí ìwé àfetígbọ́ ọ̀fẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé àtijọ́ tí ẹ ń rí gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, LibriVox ni orísun wọn, iṣẹ́ tí Hugh McGuire dá sílẹ̀ ní Montreal lọ́dún 2005. Ẹni tó bá wù ló ń kàwé níbẹ̀, wọn kì í dán ohùn wò. Ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wọn wò, ibi tí wọ́n ti fo ọ̀rọ̀, tí wọ́n ti kà á lẹ́ẹ̀mejì tàbí tí ariwo ti wọlé ló ń wá. Bóyá òǹkàwé ń kùn bí oyin, ìyẹn ò kàn án.

Nítorí náà, ẹ má kàn mú èyí tí ẹ kọ́kọ́ rí, kí ẹ wá ní ìwé náà ò dùn. Ìwé tó lókìkí bíi Alice's Adventures in Wonderland ní ju ẹ̀dà kan lọ. Ẹ gbọ́ ìṣẹ́jú 5 nínú orí kejì ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Ní orí kìíní, ara gbogbo òǹkàwé ṣì ń ta. Kí ẹ tún wo orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ orúkọ kan náà látòkè délẹ̀, ohùn kan lẹ ó máa gbọ́. Bí orúkọ bá ń yí, ohùn á máa yí, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ á máa yí, ọwọ́ yín ò sì ní kúrò níbi tí wọ́n ti ń gbé ohùn fóònù sókè sódò. Fún ọmọdé, olóhùn kan ló dáa.

Ọ̀rọ̀ dátà ńkọ́? Oríṣi fáìlì MP3 méjì ló wà, 64kbps àti 128kbps. Wákàtí kan nínú èyí tó kéré ń jẹ nǹkan bíi MB 29, èkejì ń jẹ ìlọ́po rẹ̀. Orin kọ́ là ń gbọ́, 64 tó. Ìwé oníwákàtí mẹ́ta kò ní kọjá MB 90. Ẹ dáńlóòdù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí ọmọ tó fẹ́ràn ìtàn kan lè gbọ́ ọ nígbà mẹ́wàá lọ́sẹ̀ kan, bí ẹ bá sì ń gbọ́ ọ tààrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìgbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lẹ ó sanwó dátà. YouTube tún burú jù, ó ń fi dátà gbé àwòrán tí ẹnikẹ́ni ò wò.

Fáìlì zip ló ń kó gbogbo orí wá pa pọ̀. Títí ẹ ó fi pa zip náà rẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti tú u, ìlọ́po méjì àyè ni yóò gbà lórí fóònù. Ẹ má sì fi áàpù orin gbọ́ ọ: bí shuffle bá wà ní títàn, orí keje á ṣáájú ìkejì, kì í sì í sábà rántí ibi tí ẹ dúró sí. Áàpù tí wọ́n ṣe fún ìwé àfetígbọ́, bíi Voice lórí Android, máa ń rántí.

Ẹ má wá Fágúnwà síbẹ̀. Ìwé tó ti bọ́ lọ́wọ́ oníǹkan nìkan ni LibriVox ń kà, òfin Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé: ìwé bíi tirẹ̀ kò ní bọ́ lọ́wọ́ oníǹkan níbẹ̀ títí ọdún 95 yóò fi pé lẹ́yìn tó jáde. 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Ní Nàìjíríà, ọdún 70 lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé ni òfin kà. 1963 ni Fágúnwà kú. Ìṣirò méjèèjì parí sí ìparí 2033. Bí ẹnì kan bá kà á sórí ayélujára láìgbàṣẹ, wọ́n lè yọ ohun tó kà kúrò nígbàkigbà.

Àṣìṣe tó ń bà wá nínú jẹ́ jù ni kí òbí tan ìtàn fọ́mọ láìkọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹni tó jẹ́ pé fíìmù ló fi mọ Pinocchio kò mọ̀ pé nínú ìwé Collodi ti 1883, ọmọláńgidi náà ju òòlù mọ́ ìrẹ̀ tó ń gbà á nímọ̀ràn, ìrẹ̀ sì kú. Nínú Cinderella ti àwọn Grimm, ẹ̀gbọ́n kan gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, èkejì gé gìgísẹ̀, kí bàtà lè wọ̀ wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè gbádùn rẹ̀. Ti ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹ̀yin lẹ ó jí lóru.

Àlọ́ ní orin tí ọmọ ń gbè, fóònù ò ní. Ẹ dá ìwé náà dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ bi ọmọ pé kí ló rò pé yóò ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ alẹ́, ẹ fi aago inú áàpù sí ìṣẹ́jú 20, kó lè pa ara rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ á ti sùn, ìwé á kà dé orí tó gbẹ̀yìn, bátìrì á kú, ẹ ó sì máa wá ibi tí ẹ bá a dé lọ́jọ́ kejì.