Bí àrọ̀ wa ṣe ń la ọyẹ́ Jos já

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja àrọ̀ ní Jos, tí ọyẹ́ bá ti dé, ẹ má bọ́ wọn láàárọ̀ mọ́. Omi tó wà láàárín 25 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló bá àrọ̀ lára mu. Tó bá tutù, wọn kì í jẹun dáadáa, oúnjẹ á rà sínú omi. Ẹ dúró di aago 2 ọ̀sán. Ẹ da ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ wò ó: bí wọn ò bá sáré gbé e, ó tó. Lálẹ́, ẹ fi tapólì bo adágún, kí ẹ fi àlàfo sílẹ̀ fún atẹ́gùn.

Ìgbà tí ooru bá ń padà bọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí ìdọ̀tí tó ti kó jọ nísàlẹ̀ adágún. Ẹ kọ́kọ́ fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ jáde, kí ẹ tó máa fi oúnjẹ kún un díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá ń yọ ẹnu sókè omi léraléra, atẹ́gùn inú omi ò tó wọn nìyẹn, ẹ tètè pààrọ̀ omi.