Bí a ṣe ń ra kámẹ́rà olójú méjì tòkunbọ̀, tí a sì ń lò ó

Kámẹ́rà olójú méjì ni àpótí dúdú tí àwọn ayàwòrán àgbà máa ń fi kọ́rùn: lẹ́ńsì méjì lórí ara wọn, ẹni tó ń lò ó á tẹrí ba bí ẹni ń wo inú kànga. Ti òkè ni à ń fi wò, ti ìsàlẹ̀ ló ń yàwòrán. Rolleiflex ti Jámánì, tó jáde ní 1929, ló lórúkọ jù, àmọ́ owó rẹ̀ ga. Yashica Mat-124G ti Japan, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1970, ni mo ń lò, òun náà ni màá fi ṣàlàyé.

Ẹ má jẹ́ kí ara dídán tàn yín. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ yí iyára sí B (ibi tí lẹ́ńsì ti máa ń ṣí sílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀), ẹ ṣí ihò lẹ́ńsì dé 3.5, ẹ yí ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà, ẹ tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Eruku díẹ̀ kò ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn láti etí gíláàsì, lẹ́ńsì ti bu nìyẹn. Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Nínú ọ̀rinrin ilẹ̀ wa, ṣe ni yóò máa gbilẹ̀ sí i.

Ó kan ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn inú lẹ́ńsì tó ń ṣí, tó sì ń padé láti jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ẹ yí iyára sí 1, ẹ yí ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì, kí ẹ tẹ́tí. Ó yẹ kí ó ṣí, kí ó kùn bí kòkòrò, kí ó padé lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá há, òróró inú rẹ̀ ti gan. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà á, iyára 1/125 (ìdá kan nínú 125 ìṣẹ́jú àáyá) ni wọ́n máa ń fi dán an wò fúnni, torí ìyẹn máa ń dáhùn kódà nígbà tí inú rẹ̀ ti ń ṣàìsàn.

Ọ̀pá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ńsì, wọ́n kọ M, X àti V sí i. M àti X wà fún fíláàṣì; V ló ń jẹ́ kí kámẹ́rà dúró díẹ̀ kó tó yàwòrán fúnra rẹ̀. Ẹ má tì í sí V láéláé! Mo ti ti tèmi àkọ́kọ́ síbẹ̀, kí èmi náà lè wọ fọ́tò ọjọ́ ìkómọ. Ó há sáàárín, ṣọ́tà ò ṣí mọ́. Owó àtúnṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí mo fi rà á.

Ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹ gbàgbé rẹ̀. Bátìrì mákúrì tí wọ́n ṣe é fún kò sí mọ́. Áàpù orí fóònù tó. Nínú oòrùn ganrínganrín, ihò lẹ́ńsì f/16 àti iyára 1/125 ni fún fíìmù ISO 100 (bí fíìmù ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí ni ISO).

Fíìmù 120 ló ń jẹ; orúkọ irú fíìmù ni 120 yìí, kì í ṣe ISO. Irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ wà lórí 12EX, 24EX kì í ṣe tirẹ̀. Níbi òjìji, ẹ fi rìlì òfìfo sókè, fíìmù tuntun sísàlẹ̀, ẹ fa bébà rẹ̀ sókè wọ ojú rìlì náà. Ẹ rọra yí i títí ọfà orí bébà yóò fi ṣe déédéé pẹ̀lú àmì ẹ̀gbẹ́. Ẹ pa ẹ̀yìn rẹ̀ dé, ẹ yí ọwọ́ náà síwájú títí yóò fi dúró, kí ẹ dá a padà.

Yíyà gan-an ló máa ń dààmú ẹni. Ọ̀tún di òsì nínú gíláàsì òkè: ọmọ tó ń sá lọ sọ́tùn-ún, òsì ni ẹ óò rí i tó gbà, ẹ óò sì yí kámẹ́rà síbi tí kò sí. Bí ẹ bá ti ya fíìmù méjì tán, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé awò kékeré inú ìdérí sókè, ẹ wo ìpéǹpéjú ẹni tí ẹ ń yà; bí irun rẹ̀ bá hàn ketekete, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí ẹni náà bá súnmọ́ bíi mítà kan, ẹ gbé kámẹ́rà sókè díẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, torí ojú òkè àti ojú ìsàlẹ̀ kì í rí ibì kan náà.

Fọ́tò 12 péré ni. Lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn, ẹ máa yí i títí yóò fi fúyẹ́ lọ́wọ́, ẹ ṣí i níbi òjìji, ẹ di fíìmù náà mú pinpin kó má baà tú, ẹ fi ahọ́n lá bébà ìlẹ̀mọ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ pa.