Ẹ bèèrè nípa skáànù kí ẹ tó sanwó IVF

Ẹ̀yin ará wa tó ń wá ilé ìwòsàn IVF (ibi tí wọ́n ti ń so ẹyin obìnrin mọ́ àtọ̀ ọkùnrin lóde ara) ní Ìlọrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ń ṣe skáànù ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Àpò ẹyin, ìyẹn àpò omi kékeré tí ẹyin obìnrin ń dàgbà nínú rẹ̀, kì í dúró de Mọ́ńdè. Láti bí ọjọ́ 5 tí abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹyin dàgbà bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò, ó pẹ́ tán lẹ́yìn ọjọ́ 2 tàbí 3, kí wọ́n sì kọ ìwọ̀n àpò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Tí méjì-mẹ́ta bá ti tó mílímítà 17 tàbí 18, abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, èyí tó ń mú ẹyin gbó, ló kàn. Wákàtí 34 sí 36 lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń fa ẹyin; bó bá pẹ́ jù, ẹyin lè ti bọ́. Ẹ̀yin ará Òfà àti Òmù-Àrán, ẹ sùn sí Ìlọrin lọ́sẹ̀ náà. Bí ikùn bá wú, tí èémí ń há, ẹ pe ilé ìwòsàn náà lóru ọjọ́ náà gan-an.