Ilẹ̀ pálọ̀ tí kò tẹ́jú: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ilé bàbá wa ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì la ń tún ṣe. Bí omi bá dà sílẹ̀ ní pálọ̀, igun kan náà ló máa ń ṣàn lọ. Ṣé ká da sìmẹ́ńtì síbi tó lọ sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì po nǹkan kan. Ẹ rọ omi sínú rọ́bà gígùn tó mọ́ gaara, kí afẹ́fẹ́ má kù nínú rẹ̀. Ẹ gbé ẹnu rọ́bà náà méjèèjì mọ́ ògiri: ibi tí omi bá dúró sí nínú wọn, gíga wọn dọ́gba. Ẹ fi sàmì sí ògiri yíká, ẹ ta okùn láti sàmì dé sàmì, kí ẹ wá fi téèpù wọn ìsàlẹ̀ okùn dé ilẹ̀ níbi púpọ̀. Ibi tí téèpù bá ti kúrú jù ni ilẹ̀ ti ga jù. Bó bá jẹ́ gegele kan ṣoṣo ni, ẹ gbẹ́ ẹ kúrò.

Ìbéèrè: Bíríkìlà kan ti tẹ́ sìmẹ́ńtì síbẹ̀ rí, àmọ́ ó ń ṣí bí èèpo. Ṣé sìmẹ́ńtì ni kò dáa?

Ìdáhùn: Ilẹ̀ àtijọ́ ni kí ẹ wò. Ọ̀pọ̀ pálọ̀ àwọn òbí wa, wọ́n kùn ún dán, wọ́n sì fi pólíìṣì pupa nù ún fún ọdún gbọọrọ. Sìmẹ́ńtì tuntun kì í di irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mú. Ẹ fi ìdí òòlù kàn án káàkiri. Ibi tó bá ń dún bí ibi tó ṣófo, ẹ hú u kúrò pátápátá. Ẹ ṣá ilẹ̀ àtijọ́ títí ojú rẹ̀ yóò fi rí págunpàgun, ẹ gbá a, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kó mu omi yó mọ́jú, ṣùgbọ́n kí omi má dúró lójú rẹ̀ láàárọ̀. Ẹ wá fi ìgbálẹ̀ kun ilẹ̀ náà ní omi sìmẹ́ńtì tó ki.

Mo bẹ yín, ẹ má jẹ́ kí àwọn bíríkìlà kun gbogbo pálọ̀ tán kí wọ́n tó lọ po sìmẹ́ńtì tí wọ́n máa tẹ́. Bí èyí tí wọ́n kùn bá ti gbẹ, ó burú ju kí wọ́n má kùn ún rárá lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n máa kùn ún, kí wọ́n sì máa tẹ́ sìmẹ́ńtì lé e lórí.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe máa pò ó?

Ìdáhùn: Sìmẹ́ńtì 1, yanrìn 3 tàbí 4. Ẹ fọwọ́ ra yanrìn odò náà. Bí ẹrẹ̀ bá kù ní àtẹ́lẹwọ́, ẹ dá a padà. Kí sìmẹ́ńtì tí ẹ bá tẹ́ má tínrín ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ. Ilẹ̀ yóò wá ga sí i, torí náà ilẹ̀kùn yín yóò fẹ́ gígé nísàlẹ̀.

Ìbéèrè: Ọyẹ́ ti dé. Ṣé kò ní là?

Ìdáhùn: Yóò là bí ẹ bá fi sílẹ̀ láìbò. Ẹ ti fèrèsé, ẹ fi ọ̀rá bò ó, kí ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7.

Ìbéèrè: Ìgbà wo la lè lẹ táìlì?

Ìdáhùn: Ẹ lẹ ọ̀rá mọ́ ilẹ̀, kí ẹ ṣí i lọ́jọ́ kejì. Bí omi bá sẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ẹ ní sùúrù. Bí oṣù 2 bá kọjá tó sì ń sẹ̀ síbẹ̀, inú ilẹ̀ lómi ti ń gòkè wá nìyẹn. Ẹ wá ìyẹn dí ná, kí ẹ tó náwó lórí táìlì.