Bí a ṣe ń wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Nàìjíríà láti ipò kọ́ńsítébù

Iléeṣẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni abala 214 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fọwọ́ sí, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ di ọlọ́pàá, ì báà jẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn tàbí ọmọ Ìlá, fi ń gba ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ wọlé. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni Àmọ̀tẹ́kùn, tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù kìíní ọdún 2020. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gba ènìyàn sí i lábẹ́ òfin tirẹ̀. Ipò kọ́ńsítébù, níbi tí ẹni tó ní ìwé-ẹ̀rí girama ti ń bẹ̀rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí.

Àjọ Police Service Commission, tí a mọ̀ sí PSC, ló ní àṣẹ láti gba kọ́ńsítébù síṣẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ tí àjọ yìí àti iléeṣẹ́ ọlọ́pàá fi ń fa àṣẹ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, kí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ tó dá PSC láre ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2023. Nítorí náà, ìkéde tó bá ti ọ̀dọ̀ PSC wá, lórí ojú òpó tí àdírẹ́sì rẹ̀ parí sí .gov.ng, ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe èyí tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀. Ẹni tó bá ní òun mọ ọ̀gá kan ní Àbújá, pé kí ẹ san nǹkan kí orúkọ yín lè jáde, ẹ fi í sílẹ̀ kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Ohun tí wọ́n ń béèrè kò ṣòro láti kà. Ẹni náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kí ó ti pé ọmọ ọdún 18, kí ó má sì tíì ju 25 lọ fún iṣẹ́ ọlọ́pàá gbogboogbò. Ó gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú wọn, láàárín ìjókòó ìdánwò tí kò ju méjì lọ. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ ga tó mítà 1.67, obìnrin mítà 1.64, àyà ọkùnrin sì gbọ́dọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 86 nígbà tó bá fa èémí sínú. Kò gbọdọ̀ ti jẹ̀bi ọ̀ràn nílé ẹjọ́ rí, obìnrin kò sì gbọdọ̀ wà nínú oyún ní àkókò ìgbanisíṣẹ́. Wọ́n tún máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbèsè kò gbọdọ̀ wọ ẹni náà lọ́rùn, èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí àìlówó lọ́wọ́ ni ó ń lé ọ̀pọ̀ nínú wa lọ síbẹ̀. Àwọn awakọ̀, mẹkáníìkì, nọ́ọ̀sì àti oníṣẹ́ ọwọ́ ní ìlànà tiwọn, ẹni tí ó bá kàn kí ó ka ti ẹ̀ka rẹ̀ dáadáa.

Ní ti gíga, ẹ má ṣe fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ fi gìgísẹ̀ àti ẹ̀yìn ti ògiri, kí ẹnìkan gbé ìwé pẹlẹbẹ lé yín lórí, kí ó fi bírò fa ìlà sára ògiri, kí ẹ wá fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀. Ó sàn kí téèpù sọ òótọ́ fún yín nílé ju kí ẹ san owó ọkọ̀ lọ gbọ́ ọ níwájú ọlọ́pàá.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí pẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìwé, nítorí pé nínú gbogbo àwọn tí mo mọ̀ tí wọ́n gbìyànjú iṣẹ́ yìí, ìwé ló dá wọn padà ju ara lọ. Adéwọlé ni orúkọ àbúrò mi lórí ìwé-ẹ̀rí WAEC rẹ̀. Ẹni tó tẹ orúkọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà nígbà tó ń gba NIN kọ Adéwálé. Lẹ́tà kan péré ni, a kò sì kíyè sí i fún ọdún mẹ́rin, àfi ìgbà tí ìforúkọsílẹ̀ ṣí tí ó wá ń sáré láti ilé ẹjọ́ tó ti lọ búra sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe àtúnṣe NIN, tó sì jẹ́ pé ọjọ́ méjì ló kù kí wọ́n ti ojú òpó náà nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yanjú.

Nítorí náà, kí ìkéde kankan tó jáde, ẹ tẹ́ ìwé NIN, ìwé-ẹ̀rí girama, ìwé ọjọ́ ìbí tàbí ìwé ìbúra ọjọ́ orí, àti ìwé ìjẹ́-ọmọ-ìbílẹ̀ sórí tábìlì kan náà, kí ẹ fi ìka tọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí yín lẹ́tà lẹ́tà lórí gbogbo wọn. Bí wọn kò bá bára mu, NIN ni kí ẹ tún ṣe kó lè bá ìwé-ẹ̀rí girama mu, nítorí ìwé-ẹ̀rí ìdánwò ló nira jù láti yí padà. Àtúnṣe ọjọ́ ìbí gbówó lórí ju ti orúkọ lọ, ẹ tètè wá owó rẹ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹ bá kọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìlú baba yín, kì í ṣe ibi tí ẹ ń gbé. Wọ́n máa ń wo bí àyè iṣẹ́ náà ṣe kárí àwọn ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀, ìpínlẹ̀ yín ni wọ́n sì ti máa ń ṣe àyẹ̀wò. Ọmọ Ẹdẹ tó ń gbé ní Agége yóò gba ìwé nílé, yóò sì lọ fara hàn ní Òṣogbo.

Fọ́ọ̀mù oníduúró náà ń fẹ́ sùúrù. Ọba tàbí baálẹ̀, adájọ́ májísíréètì, alága ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ lọ, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti dé ipele 12 tàbí ọ̀gá ọlọ́pàá tó ti dé ipò CSP (Chief Superintendent of Police) ni wọ́n ń gbà. Oníduúró yóò fi fọ́tò àti káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn, ẹ kò sì lè já lu àgbàlagbà láàárọ̀ ọjọ́ kan kí ẹ ní kí ó ṣe ìyẹn. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀ àdúgbò wa, bírò wà lọ́wọ́ mi, fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ àbúrò mi, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí baba kọ́kọ́ bi í ni pé, “Ọmọ ta ni ọ́?” Ìgbà tí ó ti dárúkọ bàbá wa àti agboolé wa tán ni baba tó ní kí a jókòó.

Ní ọjọ́ àyẹ̀wò, ní olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ yín, bí Ẹlẹ́yẹlé fún àwọn ará Ọ̀yọ́ tàbí Ẹlẹ́wẹ̀ẹ́rán fún àwọn ará Ògùn, ẹ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun àti ṣòkòtò péńpé funfun. Ẹ kó ojúlówó ìwé yín dání pẹ̀lú ẹ̀dà wọn nínú fáìlì funfun méjì, tí fọ́tò yín wà lára wọn, kí ẹ sì tètè débẹ̀. Wọn yóò wọn gíga àti àyà, wọn yóò wo bí orúnkún bá ń gbá ara wọn tàbí bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá pẹlẹbẹ, wọn yóò sì bá yín sọ̀rọ̀ láti mọ̀ bóyá ẹ ń kólòlò.

Ẹni tó bá yege yóò ṣe ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, tí JAMB ti bá PSC ṣe rí. Ẹni tí kò bá lo kọ̀ǹpútà rí, kí ó lọ fi owó díẹ̀ kọ́ bí a ti ń di eku rẹ̀ (mouse) mú. Àyẹ̀wò ìlera ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ìdúró, èyí tó lè gba oṣù púpọ̀. Orí fóònù àti ímeèlì tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n yóò ti wá yín, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí líìnì náà kú.

Àwọn tí orúkọ wọn bá jáde yóò lọ fún ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́fà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́pàá bí ti Ìkẹjà tàbí ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá bí ti Ìlá Ọ̀ràngún. Ojúlówó ìwé wọ̀nyẹn náà ni kí ẹ kó lọ síbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀dà tó pọ̀, nítorí wọn yóò tún yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹnu géètì.